Ìwé Ọmọ Mẹ́wàá

Ní Ọjọ́rú tí wolé-wolé wá yẹ ilé Sẹ̀gilọlá wò, kí kánsù lè fún un ní ìwé àṣẹ àtimáa tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ, ilé náà mọ́ ju ṣọ́ọ̀ṣì lọ, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ kan ṣoṣo nínú rẹ̀.

Láti ìgbà tí ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti dé, àwọn ọmọbìnrin tó máa ń pọn àbúrò wọn kiri ọjà Òṣogbo ti wọ kíláàsì. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn kò gba àbúrò ní kíláàsì, kò sì sí ẹni tó béèrè pé ta ni yóò máa gbé e. Ìyá tó ń tajà so tirẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì bí ewúrẹ́. Èyí tí kò so ó, ọmọ rẹ̀ rá lọ sábẹ́ lọ́rì. Sẹ̀gilọlá ní kí wọ́n máa kó wọn wá sí ilé òun ní Ìgbọ̀nà. Ó ń gbà wọ́n láàárọ̀, ó ń bọ́ wọn, ó ń nu ìdí wọn, ó ń dá wọn padà nírọ̀lẹ́. Oṣù mẹ́jọ ni kánsù kò fi gbọ́. Nígbà tí kánsù gbọ́, kò wí pé ó kú iṣẹ́. Lẹ́tà ló kọ: ẹni tó bá ń tọ́jú ju ọmọ mẹ́ta lọ, tí kò sì gba ìwé kí oṣù tó parí, kọ́ọ̀tù ni yóò ti ṣàlàyé.

Oṣù ku ọjọ́ mẹ́fà.

Láti ọjọ́ Ajé ni Sẹ̀gilọlá ti ń ro ẹ̀yìnkùlé, tó ń fi ẹfun kun ògiri. Ó ti da omi inú ìkòkò nù lẹ́ẹ̀mẹta nítorí tanwíjí, ó sì ti fi aṣọ funfun sẹ́ omi tuntun. Amos, ọkọ rẹ̀, akọ̀wé ní ilé ẹrù reluwé, gba àyè níbi iṣẹ́ ní Ọjọ́rú náà. Sẹ̀gilọlá rò pé ó fẹ́ bá òun gbálẹ̀ ni. Àdírẹ́ẹ̀sì ni Amos kọ, ojú ewé mẹ́ta gbáko, tí yóò fi kí wolé-wolé káàbọ̀. Ó wọ kóòtù lórí ṣòkòtò tó fi sùn, ó dúró ní àárín pálọ̀, ó ń dán ohùn rẹ̀ wò.

“‘Ìwọ ọ̀tá ẹ̀fọn! Ìwọ alágbàwí ìmọ́tótó! Ìwọ tí ṣáláńgá ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń wárìrì!’”

“Bàbá Àpìkẹ́,” ni Sẹ̀gilọlá wí láti ẹnu ọ̀nà, ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, “ṣáláńgá tó ń wárìrì yẹn, ṣé ẹ ti da eérú sí i?”

“O kò mọ iyì ọ̀rọ̀.”

“Mo mọ iyì eérú. Ẹ bá mi gbé àwọn àga yìí kúrò kí àyè lè gba àwọn ọmọ.”

“Kí ọkùnrin náà wá jókòó sórí kí ni? Sórí ẹní? Kí ó lọ sọ ní ọ́fíìsì pé ilé Amos kò ní àga?”

“Ọmọ ló ń bọ̀ wá wò. Kì í ṣe àga.”

Amos ṣí ojú ewé kejì. Àga mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúró síbi tí wọ́n wà.

Àwọn ìyá ti ń já ọmọ sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọ̀kan ń sunkún, ọ̀kan ń fa ìrù ológbò. Àbẹ̀ní, ìyá Amos, jókòó láàárín wọn, ó ń rin pákò.

“Amos, wá ka lẹ́tà yẹn fún mi lẹ́ẹ̀kan sí i.”

Amos fẹ́ràn kí wọ́n ní kó kàwé. Ó jáde wá. “Ó ní olùyẹ̀wò yóò wo ilé, yóò wo omi, yóò wo abọ́ tí ọmọ kọ̀ọ̀kan fi ń jẹun, yóò sì ka iye ọmọ.”

“Yóò kí ni ọmọ?”

“Yóò kà wọ́n, Ìyá.”

Àbẹ̀ní yọ pákò lẹ́nu. “Àgbàdo ni wọ́n?”

“Ìyá, kánsù ló fẹ́ kà wọ́n,” ni Sẹ̀gilọlá wí. “Kì í ṣe èmi.”

“Níbo ni kánsù ti rọbí? A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Lábíkẹ́ oníyọ̀ sọ tirẹ̀ ní Dúrósinmí. Ọmọ tí ìyá ẹ̀ ṣì ń bẹ̀ pé kó dúró, òun lẹ fẹ́ kọ sínú ìwé kí ayé máa kà á?”

“Bí wọn ò bá kà wọ́n, Ìyá, wọn ò ní fún mi níwèé. Bí wọn ò bá fún mi níwèé, ẹsẹ̀ tábìlì ni gbogbo wọn ń padà sí.”

“Ẹ̀yin Ìjẹ̀ṣà, aṣọ lẹ ti ń kà láti ilé baba yín. Ẹ rò pé bákan náà ni gbogbo nǹkan.”

Ọmọ Iléṣà ni Sẹ̀gilọlá lóòótọ́, aṣọ àwìn sì ni baba rẹ̀ tà tó fi tọ́ ọ. Ó ti lo ọdún mọ́kànlá nílé ọkọ. Ó mọ èyí tí a ń fèsì sí, ó mọ èyí tí a ń gbá mọ́ ilẹ̀ lọ. Ó gbá èyí.

Àbẹ̀ní náà dákẹ́. Bí Àbẹ̀ní bá ń pariwo, kò séwu. Ìgbà tó bá dákẹ́ ló yẹ kí ènìyàn máa wẹ̀yìn. Sẹ̀gilọlá kò wẹ̀yìn, nítorí ọ̀rọ̀ abọ́ ló gbà á lọ́kàn.

Abọ́ mẹ́rin ló ní. Mẹ́ta-mẹ́ta ni àwọn ọmọ máa ń jókòó ti abọ́ kan, wọ́n á jẹ, wọ́n á jà, wọ́n á tún jẹ. Ó sáré lọ sí òdìkejì ọ̀nà lọ́dọ̀ Nọ́síràtù aránṣọ.

“Yá mi ní abọ́ díẹ̀, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan lè ní tirẹ̀ lójú wolé-wolé.”

“Abọ́ nìkan? Ìyá Àpìkẹ́, wàláhì, ojú ò ní tì wá lọ́wọ́ kánsù!” Ohùn Nọ́síràtù kì í ṣe ohùn tó ń dúró sílé. Ilé márùn-ún ló gbọ́ ọ. Kí omi ọ̀lẹ̀lẹ̀ tó hó, àwọn obìnrin àdúgbò ti ń gbé abọ́ tánganran bọ̀ látọ̀tún látòsì: abọ́ olódòdó, abọ́ aláwọ̀ ọ̀run tí wọ́n gbé fún Nọ́síràtù nígbà ìyàwó, abọ́ tó ti lu tí wọ́n fi ọ̀dà dí. Kò sí obìnrin tó fẹ́ kí wọ́n sọ pé òun kò ní abọ́. Wọ́n tò wọ́n sórí ẹní nínú pálọ̀, wọ́n ń dán yanran.

Sẹ̀gilọlá dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó sáré padà sí ìdí ààrò. Ibẹ̀ ló wà nígbà tí Àbẹ̀ní dìde, tó kó gbogbo ọmọ gba ẹ̀gbẹ́ ilé, tó dá ọ̀nà kọjá, tó sì kó wọn wọ inú ọgbà Nọ́síràtù.

“Wọ́n fẹ́ kà wọ́n,” ni ó wí.

Ọ̀rọ̀ náà tó. Nọ́síràtù ti ilẹ̀kùn ọgbà, ó gbé àpótí tì í. Àbẹ̀ní padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fi pákò sẹ́nu.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago méjìlá lù, Ọ̀gbẹ́ni Awóṣọlá, wolé-wolé, fi kẹ̀kẹ́ ti ògiri. Ó wọ kakí, ó dé àkẹtẹ̀, ó fi téèpù kọ́ ìgbànú, ó fi ìwé ńlá há abíyá. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Ilé mẹ́fà ló ti wò láti àárọ̀, wọ́n sì ti tú ajá sí i ní méjì.

“Ẹ kú ilé o.”

“Ẹ káàbọ̀, sà.”

Ó yẹ ṣáláńgá wò. Ó bu omi sọ́wọ́, ó gbé e sójú oòrùn, kò rí tanwíjí kankan. Ó wo ẹ̀yìnkùlé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tújú ká.

“Ìyá, kí n má purọ́, n ò tíì rí ilé bí èyí láti oṣù yìí. Ó ku kí n rí àwọn ọmọ.”

Sẹ̀gilọlá na ọwọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọwọ́ náà dúró sókè. Àbẹ̀ní nìkan ló wà níbẹ̀, àti ológbò.

“Ìyá, àwọn ọmọ dà?” ni Sẹ̀gilọlá bi ìyá ọkọ rẹ̀.

“Ọmọ wo?”

“Àwọn ọmọ, Ìyá!”

“Ọmọ pọ̀ láyé. Èwo lò ń bi mí?”

Amos rí i pé àsìkò òun tó. Ó jáde sí ìta, ó na ìwé rẹ̀. “‘Ìwọ ọ̀tá ẹ̀fọn! Ìwọ alágbàwí...’”

“Ẹ dákun, ọ̀gbẹ́ni, ẹ ká ìwé yẹn.”

“Ojú ewé mẹ́ta péré ni, sà.”

“Ẹ ká a.”

Wolé-wolé wọ pálọ̀, ó rí abọ́ lórí ẹní. Ó fi gègé tọ́ka sí wọn níkọ̀ọ̀kan, ètè rẹ̀ ń mì. Ó tún un kà. “Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n! Ìyá, ọmọ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lẹ̀ ń dì mọ́ inú yàrá yìí?”

“Háà! Wọn ò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, sà.”

“Mélòó ni wọ́n?”

Sẹ̀gilọlá ro wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó mọ èyí tó máa ń tọ̀ sílé, ó mọ èyí tí kò lè jẹ ata, ó mọ èyí tó gbọ́dọ̀ di etí òun mú kó tó sùn. Kò tíì kà wọ́n rí. Àbẹ̀ní ń wo ẹnu rẹ̀ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀.

“Orúkọ wọn ni mo mọ̀, sà.”

“Orúkọ!” Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ̀rọ̀ sínú ìwé. “Abọ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ọmọ kò sí. N ò mọ èyí tí mo fẹ́ sọ fún ọ̀gá mi.”

Nọ́síràtù ti ń yọjú lójú fèrèsé. Ohun tó gbọ́ ni pé wọ́n ń kọ abọ́ sínú ìwé. “Súbúhànálàhì! Ó ń kọ abọ́ wa sílẹ̀! Wọ́n fẹ́ gba owó orí abọ́!”

Láìpẹ́, pálọ̀ kún. Àwọn obìnrin tó gbé abọ́ wá láàárọ̀ wọlé wá gbé e, oníkálùkù ń pariwo.

“Èmi ni mo ni olódòdó!”

“Tìrẹ ni èyí tó lu, fi tèmi sílẹ̀!”

“Ọ̀gá, ẹ pa tèmi rẹ́ o, mo yá a ni, èmi gan-an ò tíì san owó ẹ̀ tán!”

Nígbà tí eruku rọlẹ̀, abọ́ mẹ́rin ló kù lórí ẹní, àwọn obìnrin sì gbá abọ́ tiwọn mọ́ àyà. Wolé-wolé pa ìwé rẹ̀ dé, ó lọ mú kẹ̀kẹ́.

“N ó kọ ọ́ pé mo wá, n ò bá ọmọ. Kánsù yóò kọ̀wé sí yín.”

“Kí oṣù tó parí?”

“Bí oṣù mẹ́ta sí i.”

Sẹ̀gilọlá kò sunkún, kò kúnlẹ̀. Ó ṣẹ́ ìró rẹ̀ sáàárín ẹsẹ̀, ó sì lóṣòó síwájú táyà kẹ̀kẹ́ náà.

“Ìyá, kí lẹ̀ ń ṣe yẹn?”

“Mò ń dúró de ìwé mi.”

“Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́. Ènìyàn ń wò wá.”

“Ẹ jẹ́ kí wọ́n wò.”

Láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, Àbẹ̀ní rẹ́rìn-ín kékeré. “Òṣómàáló ni, ọmọ mi. Bí àwọn èèyàn ẹ̀ ṣe ń gba gbèsè nìyẹn. Baba ẹ̀ lóṣòó ọjọ́ méjì níwájú ilé ọkùnrin kan ní Ọ̀fàtẹ̀dó nítorí aṣọ kan. Wá ibì kan jókòó sí.”

Ẹnikẹ́ni kò mọ̀ bóyá ẹ̀gàn ni tàbí ìyìn. Ọ̀gbẹ́ni Awóṣọlá fa kẹ̀kẹ́ sẹ́yìn. Sẹ̀gilọlá lóṣòó tẹ̀lé e. Ó fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó tún bá a síbẹ̀. Amos ní bí wọ́n bá ti dúró báyìí, òun kúkú lè ka ojú ewé kejì.

Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí ọkọ̀ ojú irin tó ń ti Ọ̀fà bọ̀ fi fọn fèrè.

Láti oṣù mẹ́jọ, nígbà tí fèrè yẹn bá dún ni Sẹ̀gilọlá máa ń bu oúnjẹ. Àwọn ọmọ kò mọ aago, wọn kò mọ kánsù, ṣùgbọ́n wọ́n mọ fèrè. Igbe sọ nínú ọgbà Nọ́síràtù. Nǹkan ń lu ilẹ̀kùn, àpótí yí dànù, ọmọ sì tú jáde bí adìyẹ tí a ṣí ilé fún. Wọ́n gba abẹ́ apá àwọn obìnrin kọjá, wọ́n gba abẹ́ kẹ̀kẹ́ wolé-wolé, èyí tí kò tíì lè rìn ń rá bọ̀ lẹ́yìn, ìdí rẹ̀ lókè. Wọ́n wọ pálọ̀, oníkálùkù jókòó síbi tó máa ń jókòó sí, wọ́n ya ẹnu sílẹ̀, wọ́n ń retí ọ̀lẹ̀lẹ̀.

Wolé-wolé gbé kẹ̀kẹ́ ti ògiri padà. Ó mú gègé. Àbẹ̀ní dìde, ó lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó na apá méjèèjì.

“O ò ní kà wọ́n.”

“Ìyá àgbà, iṣẹ́ mi ni.”

“Iṣẹ́ Àbẹ̀ní náà nìyí.”

Sẹ̀gilọlá ló dìde lóṣòó nígbà náà. Kò bá ìyá ọkọ rẹ̀ jà. Ó yíjú sí àwọn obìnrin. “Ẹ gbé abọ́ kan síwájú ọmọ kan. Ẹni tí abọ́ rẹ̀ kò bá rí ọmọ, kó gbé e lọ ilé.” Lẹ́yìn náà ó sọ fún wolé-wolé pé, “Ọ̀gá, ẹ ka abọ́. Abọ́ kò ní ìyá.”

Àwọn obìnrin wo ara wọn, wọ́n gbé abọ́ kalẹ̀. Àbẹ̀ní sọ apá kalẹ̀. Ó yí ojú sí ògiri kó má baà rí i. Wolé-wolé ka abọ́, kò gbé ojú sókè wo ọmọ kankan.

“Abọ́ mọ́kànlá.”

Ó kọ ọ́. Ó tú téèpù. Ó ní kí wọ́n gbé àga mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí ìta, wọ́n sì gbé wọn, Amos ń tẹ̀lé wọn bí ẹni tó ń sìnkú. Ó wọn òró, ó wọn ìbú, ó ṣírò sí etí ìwé. Ó bojú wo kọ́bọ́ọ̀dù ìwé Amos tó gba gbogbo igun kan, tó ga dé àjà.

“Àyè tí kánsù ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní kò ṣeé yọ sílẹ̀. Pálọ̀ yìí gba mẹ́wàá. Bí kọ́bọ́ọ̀dù yẹn bá jáde, á gba mọ́kànlá.”

“Yóò jáde,” ni Sẹ̀gilọlá wí.

Wọ́n pe Ògúnmọ́lá kápẹ́ńtà nítòsí, nítorí òun ló kàn án. Ó wo kọ́bọ́ọ̀dù, ó wo ilẹ̀kùn, ó họ orí. “Inú ibí ni mo ti kàn án. Bàbá Àpìkẹ́ ní kí n kàn án tóbi ju ti tíṣà. Kò lè gba ẹnu ọ̀nà yẹn láyé. Àáké nìkan ló lè mú un jáde.”

“Mo ní àáké,” ni Sẹ̀gilọlá wí, ó sì lọ mú un wá.

Amos gbé ẹ̀yìn ti kọ́bọ́ọ̀dù, ó tẹ́ apá bí ẹni pé ìbọn ni wọ́n nà sí i. “Ìmọ̀ lẹ fẹ́ fi àáké gé yìí! Kí ni ìran tó ń bọ̀ yóò wí? Wọn yóò wí pé...”

“Bàbá Àpìkẹ́, ọmọ kan ni.”

“Ẹ jẹ́ kí a fi sùúrù gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò. Ìlọsíwájú kì í ṣe...”

“Ọmọ kan ṣoṣo ni.”

Amos kò kúrò. Sẹ̀gilọlá wo ìyá ọkọ rẹ̀, bóyá yóò bá òun lé Amos kúrò níbẹ̀. Àbẹ̀ní wo ọmọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bu omi, ó mu ún, ó sì jókòó.

“Mélòó ni kí n kọ?” ni wolé-wolé béèrè, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

Àwọn ọmọ ń fi ọwọ́ lu abọ́. Sẹ̀gilọlá fi àáké ti ògiri, ó lọ bu ọ̀lẹ̀lẹ̀.

Wolé-wolé kọ mẹ́wàá. Ó lu òǹtẹ̀ sí i. Ó ní òun yóò máa yà wò láìsọ tẹ́lẹ̀, bí òun bá sì bá mọ́kànlá lọ́jọ́ kan, òun yóò gba ìwé náà padà, gbogbo wọn yóò sì tú ká. Ó jẹ ọ̀lẹ̀lẹ̀ kan, ó dúpẹ́, ó gun kẹ̀kẹ́ lọ. Nọ́síràtù ké “Àlùámídúlílàhì!” tí àdúgbò fi mọ̀ pé ìwé ti jáde. Àwọn obìnrin jó díẹ̀ pẹ̀lú abọ́ wọn. Amos ka ojú ewé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún Ògúnmọ́lá, ẹni tó sùn sórí àga ní ìta.

Nírọ̀lẹ́, àwọn ìyá wá kó ọmọ wọn. Sẹ̀gilọlá dá Lábíkẹ́ oníyọ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni Dúrósinmí fi wà lọ́dọ̀ rẹ̀, òun ló dé kẹ́yìn nínú gbogbo wọn.

“Ìyá Dúró, mẹ́wàá ni wọ́n kọ.”

Lábíkẹ́ wo inú pálọ̀, ó wo igun ibẹ̀. Ó gba ọmọ rẹ̀, ó gbé e pọ̀n, ó so ọ̀já.

“Má bínú sí mi,” ni Sẹ̀gilọlá wí.

“Kí ni mo fẹ́ bínú sí? O ti gbìyànjú.”

“Ta ni yóò máa gbé e? Ẹsẹ̀ tábìlì?”

“Rárá o. Èyí? N ò lè so ó mọ́lẹ̀.” Ó fa ọ̀já náà le. “Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà.”

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni Mọ́rìnọ́lá. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni, kíláàsì kejì ló wà. Ní Ọjọ́bọ̀ ó fi sílétì rẹ̀ sílé, ó pọn àbúrò rẹ̀ lọ sí ìsọ̀ iyọ̀. Ní ọjọ́ Ẹtì, ó tún pọ̀n ọ́n. Tíṣà rẹ̀ béèrè rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ó mú rúlà, ó fa ìlà pupa la orúkọ Mọ́rìnọ́lá kọjá nínú rẹ́jísítà, ó sì pe orúkọ tó tẹ̀lé e.